Róòlù 13, ẹ̀sùn 3: bí ínkì ṣe ń bó lára náílọ́ọ̀nù Alhájà ní Kano

Àárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ni, òtútù Kano yẹn tó máa ń la èèyàn lẹ́tè, mo ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ tí mo máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wa ní Sharada nígbà tí fóònù mi dún. Alhájà ni. Ọmọ Ìlọrin ni Alhájà, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé Kano, pure water ló ń ṣe, lọ́nà Zaria, àwa la sì ń tẹ náílọ́ọ̀nù ẹ̀ fún un. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ọmọ mi, ṣé ínkì lẹ fi tẹ náílọ́ọ̀nù mi àbí aró? Àwọn ọmọ tó ń kó o sínú bàgì, ọwọ́ wọn ti di búlúù. Ẹni tó kó tiẹ̀ sínú kúlà, omi yìnyín ti bó orúkọ mi dànù. Ó tún ń jò. Ọmọbìnrin kan níbí tún ní òun ń rí orúkọ mi nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó kọjú sódì."

Mo ní ẹ má bínú mà, Alhájà, mò ń bọ̀ wá wò ó.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Ti àkọ́kọ́ nìkan la gbọ́. Ti jíjò, a ní hítà máṣíìnì ẹ̀ ló fẹ́ túnṣe. Ti ìkẹta, nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa, ẹ̀rín ló rín, ó ní Alhájà ti ń ríran. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi san gbèsè ẹ̀rín yẹn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iṣẹ́ wa, fílẹ́kísò là ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ti rí bí wọ́n ṣe ń lu sítáǹpù ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ ti mọ ìdajì ẹ̀. Plétì wa rọ̀ bíi rọ́bà, lẹ́tà orí ẹ̀ yọ síta, ó sì kọjú sódì, téèpù olójú méjì la fi máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rólà. Ínkì ò kàn dédé dé orí plétì o, rólà míì tó ń jẹ́ anilox ló ń gbé e wá, tẹ́ ẹ bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ara anilox ẹ máa rí ihò kéékèèké tó tò jọ bí afárá oyin, laser ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, inú ihò yẹn ni ínkì ń wọ̀, bíléèdì kan á wá há èyí tó pọ̀ jù dànù, ìwọ̀nba tó kù nínú ihò ni plétì máa gbà, òun náà á lù ú mọ́ náílọ́ọ̀nù tó ń sáré kọjá lọ. Àwọ̀ kan, ojú ìtẹ̀ kan. Ti Alhájà, àwọ̀ méjì ni, búlúù fún orúkọ, pupa fún nọ́ńbà NAFDAC àti 50cl.

Ínkì yẹn náà, kò ki bíi tàwọn tó ń tẹ ìwé. Ó ṣàn bí ògì tí wọ́n lú fún ọmọ ọwọ́. Ife kékeré kan wà tó ń jẹ́ Zahn, ó lu lábẹ́, wàá rì í sínú ínkì, wàá gbé e sókè, wàá máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí tí ìṣàn ẹ̀ á fi já. Nọ́ńbà 2 là ń lò, àwa ní tiwa a fẹ́ràn kó wà láàárín 22 sí 25. Tó bá lé, ó ti ki nìyẹn, wàá bu ethanol sí i pẹ̀lú ethyl acetate díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o, torí acetate tó bá pọ̀ máa ń mú kí plétì wú.

Ọ̀rọ̀ ínkì tó ń ṣí yìí kì í tiẹ̀ ṣe tòní. Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú máṣíìnì yìí lọ́dún 1890, ilé iṣẹ́ Bibby, Baron ló ni ín, ínkì olómi ni wọ́n lò, ó sì ń ra mọ́ gbogbo nǹkan débi pé àwọn èèyàn sọ máṣíìnì náà ní ìwà òmùgọ̀ Bibby. Aniline ni wọ́n wá ń pe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí aró tí wọ́n ń pò mọ́ ínkì, ẹ̀rù wá ń ba àwọn ará Amẹ́ríkà láti fi wé oúnjẹ, 1952 ni wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ sí fílẹ́kísò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe orúkọ Alhájà ni ínkì kọ́kọ́ bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sharada.

Ẹ̀gbọ́n tó ń wa máṣíìnì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdírì. Ó wo sashẹ́ẹ̀tì tí mo mú bọ̀ lọ́dọ̀ Alhájà, ó fi èékánná ha á, ó ní "ọyẹ́ ni." Kò sì parọ́ tán. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Kano gbẹ bíi kílíṣí, sólífẹ́ǹtì, ìyẹn ethanol àti acetate tó ń jẹ́ kí ínkì ṣàn, á ti fò lọ kí ínkì tó kan náílọ́ọ̀nù, á gbẹ sínú ihò anilox, á gbẹ sórí plétì, eruku á tún wá bà lé e, ẹ máa rí ojú funfun róbótó róbótó lára lẹ́tà. Iná kan tún wà tó máa ń wà lára náílọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ tí ilẹ̀ bá gbẹ, tó o bá fọwọ́ kan róòlù á ta ẹ́ pàrà, nínú yàrá tí òórùn ethanol kún, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, wáyà tá a fi so máṣíìnì mọ́lẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò láràárọ̀ kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n wá fi sólífẹ́ǹtì tí kì í tètè gbẹ sínú ínkì, a wọ̀n ọ́n, 24, a gbé róòlù kan kọ́ ọ, a tẹ̀ ẹ́, a lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, a fà á yọ wàì. Ínkì ò mira. A bọ ara wa lọ́wọ́, ọ̀gá ní ká lọ ra kóòkì. Kóòkì ọ̀hún ò tíì tán nínú ìgò tá a fi gbé róòlù kejì kọ́ ọ, ínkì kan náà, ife kan náà, sẹ́lótéèpù kan náà. Orúkọ Alhájà bá sẹ́lótéèpù lọ látòkèdélẹ̀, ó mọ́ tónítóní, bíi pé a ò tẹ nǹkan kan síbẹ̀ rí.

Ọ̀gá ní ó tán, ínkì ni, wọ́n ti ta ayédèrú fún wa. Wọ́n pe bọ̀bọ́ tó ń ta ínkì, ó dé, ó mú náílọ́ọ̀nù tiẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ínkì inú dúrọ́ọ̀mù wa gan-an kùn ún, ó gbẹ, ó fi téèpù fà á, kò bó. Gbogbo wa rí i. Ọ̀gá ní náílọ́ọ̀nù tó mú wá lóògùn. Bọ̀bọ́ náà ní "ẹ̀yin náà ẹ wo tiyín bóyá ó lóògùn, sà." Ó lọ báyẹn o, àwa ò sì mọ̀ pé ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀gá ra ínkì ilé iṣẹ́ míì. Bákan náà. Wọ́n ní ká fi kẹ́míkà amú-ínkì-lẹ̀ sí i, a fi sí i. Ó dára lára róòlù kan, ó bó lára èkejì. Wọ́n ní ká fi kún ooru tó ń gbẹ ínkì, èyí ló burú jù, torí náílọ́ọ̀nù tó gbóná ń fà ni, pupa sún kúrò lára búlúù, nọ́ńbà NAFDAC gun orí àdírẹ́sì, lẹ́tà méjèèjì wá dà bí ẹni tó ń ja ìjà.

Mi ò ní sọ iye tá a ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní fákìtìrì ẹ máa mọ̀ pé tí nǹkan bá bà jẹ́, ohun téèyàn ń fojú rí ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ínkì ló ń bó, nítorí náà ínkì ló jẹ̀bi. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé ó ń ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ínkì tó bá bàjẹ́, á bàjẹ́ lára gbogbo róòlù. Ọyẹ́ kì í sì í fẹ́ láago mẹ́wàá kó dáwọ́ dúró láago mọ́kànlá.

Iṣẹ́ tèmi gan-an níbẹ̀, kí n máa kọ kílò sílẹ̀ ni, ìwé mi ló kù tí ẹnì kan ò tíì wò. Alẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i. Alhájà gba 600 kg, róòlù 30 nìyẹn, 20 kg lọ́kọ̀ọ̀kan (náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó 32 cm tó sì nípọn tó 50 micron, 20 kg ẹ̀ máa ń sún mọ́ 1,360 mítà). Lára róòlù kọ̀ọ̀kan làwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ náílọ́ọ̀nù ti máa ń fi máákà kọ déètì, kílò, àti nọ́ńbà 1 tàbí 2. Mo ti ń da nọ́ńbà yẹn kọ sínú ìwé láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí kí ló wà fún. Lọ́jọ́ kejì mo gé díẹ̀ díẹ̀ lára gbogbo róòlù, èyí tó wà lọ́dọ̀ Alhájà, èyí tó ti dá padà, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo ń lẹ téèpù mọ́ wọn mò ń fà á. Róòlù 13 ló bó. Àwọn tí wọ́n kọ 1 sí lára, 15, ọ̀kan ò bó. Àwọn tí wọ́n kọ 2 sí, 15, méjì péré ni ò bó, déètì àwọn méjì yẹn sì ṣáájú tàwọn tó kù.

Mo kó ìwé mi, mo lọ sẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ náílọ́ọ̀nù.

Mállàm tó ń darí ibẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi, Hausa ló sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n ń yọ́ hóró náílọ́ọ̀nù, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ sókè bí bàlúùnù gígùn, á dé òkè, rólà méjì á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á wá gba abẹ́ korona kọjá. Kì í ṣe àrùn o. Irin kan ni, iná tó lágbára gan-an ló ń ta látara ẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù, ó máa ń tàn bí elésè àlùkò, òórùn ẹ̀ dà bí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí àrá bá sán. Ará Dẹ́nmáàkì kan, Verner Eisby, ló gbé e jáde lọ́dún 1951. Ìdí tí a fi nílò ẹ̀ ni pé náílọ́ọ̀nù ò gba nǹkan olómi, bí ewé kókò ṣe máa ń ṣe omi ló ń ṣe ínkì. Dyne ni wọ́n fi ń wọn bí ojú náílọ́ọ̀nù ṣe ń gbà á. Èyí tí korona ò kàn wà ní nǹkan bí 31, ínkì tiwa fẹ́ tó 38 ó kéré tán.

Ojú ìta bàlúùnù yẹn nìkan ni korona ń ta sí, apá méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ á la etí ẹ̀ méjèèjì, ó di awẹ́ méjì, awẹ́ kan á lọ wé sórí róòlù níbi kìíní, awẹ́ kejì á lọ wé níbi kejì. Òun ni 1 àti 2. Ojú tí korona kàn gbọ́dọ̀ wà lóde lára róòlù méjèèjì, torí ojú òde ló máa pàdé plétì lọ́dọ̀ wa.

Mo bi í pé déètì báyìí, kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ronú, ó ní òun ò sí níbẹ̀, ṣíìfùtì alẹ́ ni. A pe ọmọ tó ṣe alẹ́. Ó ní iná lọ ní nǹkan bí aago méjì òru, bàlúùnù wó lulẹ̀, jẹnẹrétọ̀ pẹ́ kó tó mú, nígbà tó mú ó tún náílọ́ọ̀nù kì bọ rólà fúnra ẹ̀, "ba matsala," kò sí wàhálà, ó sì ń wé dáadáa títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní kó fi hàn mí bó ṣe kì í. Ti nọ́ńbà 1, ó kì í gba orí rólà. Ti nọ́ńbà 2, abẹ́ ni.

Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan, ká sòótọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé òkè àti abẹ́ yàtọ̀. Náílọ́ọ̀nù ń wé, kò já, kò kákò, kí ló tún máa wò?

Mo sáré lọ sí dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, mo mọ̀ pé bírò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ dyne wò, ó ti gbẹ, ó ṣeé ṣe kó ti gbẹ kí n tó gbaṣẹ́. Mo wá pe bọ̀bọ́ onínkì tá a fìwọ̀sí lọ̀ lọ́jọ́sí, mo bẹ̀ ẹ́, ó mú tiẹ̀ wá, kò tiẹ̀ ṣe ìyàngà. Ó fi bírò 38 fa ìlà sójú òde róòlù 2 kan tá ò tíì tẹ̀. Ìlà náà ṣù jọ lójú wa, ó di wóróbo wóróbo bí omi orí ewé kókò. Ó wá yí náílọ́ọ̀nù náà sódì, ó fa ìlà míì sójú inú. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó fi nura. Òun ló ṣáà sọ pé ọyẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn Alhájà ìkejì àti ìkẹta ti sọ lu ara wọn. Róòlù tá a tẹ̀ sójú tí kò gba ínkì, nígbà tó bá wé tán, ínkì yẹn á fara kan ẹ̀yìn ìpele tó wà lórí ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn sì ni ojú tí korona kàn, ojú tó ń fẹ́ ínkì. Ínkì wá fi ibi tí wọn ò ti fẹ́ ẹ sílẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Nígbà tí Alhájà bá tú róòlù náà sórí máṣíìnì, díẹ̀ lára orúkọ ẹ̀ ti wà nínú lọ́hùn-ún, ó kọjú sódì, ó ṣe fírífírí, ẹni tí ojú ẹ̀ bá mú nìkan ló lè rí i. Ọmọbìnrin tó rí i yẹn, ojú ẹ̀ mú ju ti gbogbo wa ní Sharada lọ. Ti jíjò náà, inú sí inú ni máṣíìnì omi máa ń fi ooru lẹ̀ mọ́ra, ojú tí korona ti kàn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ra bíi tẹ́lẹ̀, ínkì sì tún ti wà láàárín. Ibi tó ti ń jò nìyẹn. Hítà ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó wá di ìjà láàárín èmi àti ọ̀gá ni pé ọ̀gá fẹ́ bá Alhájà dín owó kù, kó máa lo èyí tó kù lọ, pé sashẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n á mu ún wọ́n á jù ú nù. Mo ní ọ̀gá, ínkì ti wà lójú tó ń kan omi o. Ínkì tá à ń lò, ìta náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún, kò sẹ́ni tó ṣe é fún mímu. Ọ̀gá ní ṣé èmi ni NAFDAC ni. Mo dákẹ́ díẹ̀, mo wá ní tí NAFDAC bá dé ọ̀dọ̀ Alhájà, nọ́ńbà tí wọ́n máa bá lára náílọ́ọ̀nù, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa, ọmọ ìlú yín sì lobìnrin yẹn. Ọmọ Ìlọrin ni ọ̀gá náà. Mi ò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ló wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ló wọ mọ́tò lọ bá a.

Alhájà ti ní àpò omi tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ní ọjà Sabon Gari àti lápá Brigade. Ó pe àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba èyí tó ṣì wà nílẹ̀ padà, àwa la san án. Èyí táwọn èèyàn ti mu, wọ́n ti mu ún. Ìyẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Róòlù 13 ọ̀hún, kò sí àtúnṣe fún wọn, àwọn tó ń lọ náílọ́ọ̀nù ṣe bàgì dúdú ló wá kó o, wọ́n wọ̀n ọ́n bí ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọmọ alẹ́ ti wé sódì tá ò tíì tẹ̀ ṣì wà ní sítọ̀, 22, ọ̀gá fẹ́ kó wọn fún oníbàgì dúdú náà ni, Ẹ̀gbọ́n ló gbà wọ́n là. Ó ní tí wọ́n bá wé e sódì, òun náà á tú u sódì. Ó gbé róòlù kọ́ kó máa tú láti abẹ́ dípò òkè, ojú inú wá kọjú sí plétì, a tẹ̀ ẹ́, ínkì àkọ́kọ́ tá a ti sọ pé ayédèrú ni la tún lò, a fa sẹ́lótéèpù títí ó fi sú wa. Kò bó. Nǹkan tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe nìyẹn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mállàm fi ọ̀dà pupa fa ọfà síbi tí wọ́n ti ń wé ti nọ́ńbà 2, ó kọ "SAMA" sí i gàdàgbà, òkè nìyẹn lédè Hausa. Bírò dyne tuntun wà lápò mi báyìí, kì í wọ dúrọ́ọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ tá a gbé náílọ́ọ̀nù tuntun lọ fún Alhájà, a ti ń tú táńpólì lórí ọkọ̀ nígbà tó ní ká dúró ná. Ó yọ sẹ́lótéèpù nínú báàgì ọwọ́ ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ ara ẹ̀, ó fà á yọ, ó gbé e sókè sí oòrùn wò. Ó wá pe ọmọbìnrin yẹn, ó ní kó wo inú. Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó mi orí. Alhájà ní, "ẹ máa já a."